Táìsì Ìgbẹ́sà: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń tẹ́ ẹ

Onítáìsì ni mí. Agége ni mo ti kọ́ṣẹ́, Sango Ọ̀tà ni mo fi ṣe ibùgbé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi orúnkún rìn kiri ilé onílé. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kọ́lé máa ń bi mí: "Bọ̀dá, táìsì tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wa yìí, ṣé ó dáa? Àbí kí n kúkú wá ti òkèèrè lọ?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ kó jọ síbí. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan, n kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ kankan. Táìsì 60×60 tó ń dán, èyí tó ń ti inú Fíríì Sóònù Ògùn àti Guangdong ní Ìgbẹ́sà jáde (ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́, tó ní òfin owó orí tirẹ̀), ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń tẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan ní Ifọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá tó nilé, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìlú Manchester ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò wọn ọkùnrin ló ń bá wọn bójú tó ilé náà. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú pálọ̀ kan tó fẹ̀ bí ojúde. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí WhatsApp pé ti Ìgbẹ́sà ni kí a rà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọ̀gá onítáìsì, ẹ má bínú o. Mi ò fẹ́ èyí tó máa là lábẹ́ àga."

"Kò ní là, mà. Ẹ jẹ́ kí n ra páálí kan péré wá sílé. Tí kò bá tẹ́ ẹ̀yin àti àbúrò yín lọ́rùn, èmi ni mo máa ru owó rẹ̀."

Ẹyọ mẹ́rin ló máa ń wà nínú páálí 60×60, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì bo 1.44 mítà níbùú lóròó. Mo kó méjì jáde níwájú àbúrò wọn, mo kọjú wọn síra bí ìgbà tí èèyàn bá pa ìwé dé, mo gbé wọn sókè síbi tí oòrùn ń gbà wọlé, mo wá ń wo etí wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láàárín wọn, ibẹ̀ ló ti tẹ̀. Kò sí táìsì ńlá tí kì í tẹ̀ díẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Sípéènì, nítorí inú iná tó gbóná ju ìwọ̀n 1,100 lọ ni gbogbo wọn ti jáde. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ ni àlàfo tó bá nípọn ju káàdì ATM lọ. Ti Ifọ̀ yẹn, mo fi káàdì mi wá ọ̀nà yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kò rí ibì kankan wọ̀.

Lẹ́yìn náà mo da ojú ọ̀kan délẹ̀, mo kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Táìsì tí kò jinná máa ń mu omi bí iyanrìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó jinná dáadáa, ńṣe ni omi máa dúró lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Mo fi í síbẹ̀, mo lọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí mo padà dé, omi náà ṣì kó ara rẹ̀ jọ pọ́ńpọ́ sójú kan náà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kàn án létí, ó dún bí agogo. Mo gbé e sórí kọ́tà tí a fi ń gé táìsì, mo fa ìlà kan, mo tẹ ọwọ́ kọ́tà náà mọ́lẹ̀, ó sì kán gbọọrọ lórí ìlà tí mo fà, kò ya sí ẹ̀gbẹ́. Àbúrò wọn ti ń ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni owó wọlé.

Ọdún kẹta rèé tí a ti parí ilé náà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún iléyá tó kọjá nítorí pé wọ́n fẹ́ kí n lẹ̀ ti balùwẹ̀ àlejò. Kò sí ìkankan tó là. Wọ́n ti wọ́ fíríìsà ńlá gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí àyípadà ni àárín ẹnu ilẹ̀kùn iwájú àti kíṣìnì, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà jù. Dídán ibẹ̀ ti rọlẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ìta wọn kò tíì ní kọnkéré, iyanrìn sì ń bá bàtà wọlé. Iyanrìn a máa ha táìsì dídán, kò síbi tí wọ́n ti ṣe é tí kì í ha á. Ẹ fi káńfáàsì tàbí ẹní ìnusẹ̀ tó dára sẹ́nu ọ̀nà, kó tóbi, kó gba ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó tí mo bá fi ra páálí kan ti Sípéènì ní ọjà, ó máa ra méjì ti Ìgbẹ́sà, ṣéńjì á sì tún kù tí mo lè fi ra gíráótì tí a fi ń dí àárín táìsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí pé kò dára tó ni kò fi wọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló fà á, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń rà á mọ̀ ọ́n, nítorí pé gbogbo wa la jọ ń san lára owó yẹn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, páálí tí mo bá gbé, "Foshan" ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Mo rò pé orúkọ iléeṣẹ́ ni, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìlú ni, ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní China, àti pé ìlú tí wọ́n ti ń sun táìsì ni. Táìsì wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó ìwúwo rẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó èbúté, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ á gun orí ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Guangdong yìí kan náà ni China ti kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ sóònù wò. Ní 1980, mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀: Shenzhen, Zhuhai àti Shantou, tí gbogbo wọn wà ní Guangdong, àti Xiamen ní Fujian. Wọ́n ní kí àwọn olówó òkèèrè wá dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dín owó orí kù fún wọn. Ní 2006, níbi ìpàdé tí wọ́n bá àwọn olórí Áfíríkà ṣe ní Beijing, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò bá wa dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Méjì nínú rẹ̀ ló já sọ́wọ́ Nàìjíríà, ọ̀kan ní Lẹ́kìí, ọ̀kan ní Ìgbẹ́sà. Ti Lẹ́kìí ni gbogbo ayé mọ̀ nítorí iléepo Dangote tó lè fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́ àti èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní 2023. Ti Ìgbẹ́sà ni èmi ń fi ọwọ́ mi gbé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Láti 1992 ni òfin NEPZA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn sóònù, ti wà. Iléeṣẹ́ tó bá wọ inú sóònù lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀lú láìsan owó bodè. Olówó òkèèrè lè dá nìkan ni gbogbo iléeṣẹ́ náà, kò pọn dandan kó mú ọmọ ìlú mọ́ra. Ó lè kó èrè rẹ̀ padà sílé pátápátá. Tó bá wá gbé ọjà jáde láti inú sóònù wá sọ́dọ̀ wa, owó bodè tó máa san, orí ohun èlò tó kó wá láti òkèèrè ló wà, kì í ṣe orí odindi táìsì náà. Amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe táìsì, ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ti ń wà á. Ẹ wá rí ibi tí owó ti fò kúrò: dípò kí táìsì máa wọ ọkọ̀ ojú omi wá lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣe é ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí dọ́là kúrò ní nǹkan bíi 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, tó sì kọjá 1,500 ní 2024, àwọn onítáìsì tó gbójú lé ọjà òkèèrè nìkan jókòó sílé. Táìsì Ìgbẹ́sà náà gbówó lórí, nítorí pé gáàsì tí wọ́n fi ń sun ún, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń rí i rà. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ìkankan nínú wọn kò padà sábúlé. Ìdí kìíní tí mo fi ń gbè é nìyẹn.

Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ kó ọjà. Ìlú Àwórì ni Ìgbẹ́sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odò Ọ̀tà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú, tírélà tó kó páálí ń rìn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ pé, ọ̀kadà sì ń gba inú oko ẹ̀gẹ́ nítorí kòtò. Bí o bá wá dé géètì, ojú ọ̀nà yí padà. Inú tẹ́jú, ó ní gọ́tà, pátákó tí wọ́n fi èdè China àti òyìnbó kọ dúró gbọn-in. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín jókòó sí ìta géètì lábẹ́ agbòjò, ẹsẹ̀ wọn wà nínú ẹrẹ̀. Mo ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo bi í bóyá ọjà ń tà. Ó ní ó ń tà gidi, pé kí sóònù tó dé, ọjọ́ ọjà nìkan ni òun máa ń pàtẹ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Òfin 1992 yẹn ní iléeṣẹ́ inú sóònù kò ní san owó orí fún ìjọba àpapọ̀, kò ní san fún ìpínlẹ̀, kò ní san fún ìjọba ìbílẹ̀. Tírélà wọn ló sì ń fọ́ ọ̀nà. Ta ni kó wá dí kòtò náà? Mo fara mọ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, èyí tó ní kí iléeṣẹ́ sóònù tó bá ń ta ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà rẹ̀ fún wa nílé máa san owó orí lórí èyí tó tà fún wa. Wọ́n dá sóònù sílẹ̀ kí ọjà lè máa jáde lọ sókè òkun, kí dọ́là lè máa wọlé. Táìsì tí mo ń rà, àwa ni wọ́n ń tà á fún. Bí owó páálí bá tìtorí rẹ̀ gbéra díẹ̀, màá san án, tí ọ̀nà bá máa rí owó tirẹ̀ gbà.

Ohun kan wà nínú òfin 1992 náà tí n kò fẹ́ràn rárá. Ó ní fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú sóònù, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo mọ bí ooru ibi tí wọ́n ti ń sun amọ̀ ṣe máa ń rí, mo mọ eruku rẹ̀, nítorí pé eruku kékeré tó ń jáde nínú kọ́tà tèmi ti kọ́ mi láti máa fi aṣọ bo imú. Ẹni tó wà nídìí iná bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ yẹ kó lè sọ pé "ó tó" nígbà tó bá tó. Ọdún mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún èèyàn láti pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ ohun tí a ń pè ní táìsì tó ń dún kókó. Onítáìsì tó bá fẹ́ sáré á fi sìmẹ́ńtì sí ojú márùn-ún lẹ́yìn táìsì, igun mẹ́rin àti àárín, á gbé e lélẹ̀, á fi òòlù rọ́bà gbá a, ojú rẹ̀ á sì tẹ́jú rekete. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan kàn tẹ orí rẹ̀ lásán, ó ti là. Lábẹ́ rẹ̀ ló ṣófo. Oṣù kẹjọ 2024, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé kan nígbà tí rédíò sọ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé bàálù ìjọba Nàìjíríà mẹ́ta ní Faransé. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ọ̀gá, wọ́n ní nítorí Ìgbẹ́sà ni!" Mo ju tírówẹ̀lì sílẹ̀.

Òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ kan láti China, Zhongshan Fucheng, ló ń darí sóònù náà láti 2012. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní London, ní oṣù kẹta 2021 wọ́n sì dá Nàìjíríà lẹ́bi, wọ́n ní kó san ju 55 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Èlé àti owó ẹjọ́ gbé e súnmọ́ 70 mílíọ̀nù. Nígbà tí owó náà kò jáde, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun ìní Nàìjíríà kiri ayé, bí onígbèsè ṣe máa ń rí aago ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ́. Wọ́n padà yọ̀ǹda ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà, Airbus A330, kí Ààrẹ Tinubu lè fi lọ rí Ààrẹ Macron. Ìjọba ní tiwọn sọ pé ògiri tí wọ́n mọ yí ilẹ̀ ká nìkan ni iléeṣẹ́ náà ṣe kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà tí à ń gbà tú àdéhùn ká. Tí mo bá lé onítáìsì kan kúrò lórí iṣẹ́ láìṣírò ohun tó ti ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó máa tẹ̀lé e wá á ti gbọ́ kó tó dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ ṣáájú. Owó orí tí a yọ̀ǹda àti ẹ̀rọ tí kò san owó bodè, ojú táìsì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo sì gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọjà rírà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti lè pàdánù. Aburú tó tóbi jù tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kì í ṣe ìdí iná ló ti wá, ọwọ́ òǹtàjà kan ni. Mo ra páálí ọgọ́ta fún ilé alájà kan ní Owódé, aláwọ̀ eérú. Òǹtàjà náà kó ogójì fún mi lọ́jọ́ kìíní, ó ní ogún tó kù á dé lọ́la. Nígbà tó dé, orúkọ rẹ̀ bára mu, àwòrán rẹ̀ bára mu, nọ́ńbà ṣéèdì tó wà létí páálí, èyí tó ń sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí gan-an, ni kò bára mu, n kò sì wò ó. Àṣálẹ́ ni mo rí i, nígbà tí wọ́n tan iná: ìdajì pálọ̀ pupa díẹ̀ ju ìdajì kejì lọ. Mo pe òǹtàjà náà, ó ní ọjà tó ti jáde kì í padà. Ẹyọ méjìlélógún ni mo fi ṣísẹ́lì yọ, owó ara mi ni mo fi ra òmíràn. N kò tún débẹ̀ mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà ṣéèdì lára gbogbo páálí kí ẹrù tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe lára páálí òkè nìkan. Ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi páálí mẹ́ta lé e fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí a máa gé.

Ibi tó bá yẹ ni pálọ̀, yàrá, ọ́fíìsì, kọ́rídọ̀ ilé ìwé. Mo ti lò ó ní mọ́sálásí méjì, ó sì tutù fún ìforíbalẹ̀. Mi ò ní fi dídán yìí sí balùwẹ̀ láé, tàbí sí àtẹ̀gùn ìta tí òjò ń lù, nítorí pé á yọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ẹ béèrè fún èyí tí ojú rẹ̀ rí hóró. Wọ́n ń ṣe ìyẹn náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju èyí lọ. Ẹ má jẹ́ kí onítáìsì kankan fi sìmẹ́ńtì ojú márùn-ún sí i. Kó fi kún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó lọ sí ẹyọ tó kàn.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni màá fún táìsì náà. Sóònù tó ti jáde, márùn-ún ni mo ṣì fún un. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ kó páálí márùndínláàádọ́ta fún ilé ìwé kan ní Ìlaró. Mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi kó mú tọ́ọ̀ṣì dání fún nọ́ńbà ṣéèdì, mo sì fẹ́ ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ìyá yẹn, tó bá ṣì wà níbẹ̀, kí n sì wo bí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.